Nígbà tí ọ̀gá àná bá ń fi ilé-ẹjọ́ halẹ̀: ohun tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sọ fún ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀

Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Àjàṣẹ́, ní ilé ìtajà oògùn ní Kétu, ní ilé-iṣẹ́ ayánilówó kékeré ní Ṣábẹ̀, tàbí ní ọ́físì àwọn tó ń bá oníṣòwò yanjú ọ̀rọ̀ ẹrù ní bodè, sábà máa ń rò pé ọjọ́ tí òun kó ẹrù òun jáde ni ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀gá òun parí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè kọjá kí ohùn tó dé sórí WhatsApp pé “ilé-ẹjọ́ la ti máa pàdé”, tàbí kí wọ́n mú ìwé tó ní òǹtẹ̀ wá sílé ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo agboolé á sì máa bèèrè ohun tí ọmọ wọn jí. Lójú tèmi, ìdajì ìbẹ̀rù tó ń bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé wá láti inú àìmọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọ̀nà tí ẹjọ́ iṣẹ́ ń gbà kọjá lórílẹ̀-èdè wa. Ìdajì kejì ni ó ní ìdí, òun náà ni ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí ẹni tó bá sọ pé asán ni gbogbo ìhàlẹ̀ kò sọ òótọ́ fún wa.

Òfin méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni Òfin 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1998, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Code du travail. Èkejì ni Òfin 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, tó yí ọ̀nà ìgbanisíṣẹ́ àti ọ̀nà fífi òpin sí àdéhùn iṣẹ́ padà. Nígbà tí òfin kejì yìí jáde, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pariwo lé lórí jù ni pé ó gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa tún àdéhùn ọlọ́jọ́, ìyẹn CDD, ṣe léraléra láìní ààlà, àti pé ó fi gbèdéke oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án owó-oṣù lé owó gbà-má-bínú tí ẹni tí wọ́n lé lọ́nà àìtọ́ lè gbà. Àríwísí náà tọ́, ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Àdéhùn ọlọ́jọ́ máa ń de òṣìṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, torí ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, láìjẹ́ pé ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀gá ṣe àṣìṣe ńlá, láìsì jẹ́ pé ohun tó ju agbára ẹ̀dá lọ ló ṣẹlẹ̀, lè jẹ owó gbà-má-bínú. Nígbà tí òfin bá sì ti jẹ́ kí àdéhùn ọlọ́jọ́ rọrùn láti tún ṣe fún ọdún púpọ̀, ọ̀pọ̀ ìhàlẹ̀ tí ìbá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán tẹ́lẹ̀ wá ní ohun tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ lé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ṣe ni kí ó wá ìwé àdéhùn rẹ̀ jáde, kí ó sì wo irú èyí tó jẹ́. Bí kò bá ní ọjọ́ ìparí, tó jẹ́ CDI, ìgbàkúgbà ni ó lè kúrò, bó bá ti fi ìwé sọ ọ́ ṣáájú, tí ó sì ṣiṣẹ́ parí ní àkókò tí wọ́n ń pè ní préavis. Ká ní akọ̀wé kan ní Àjàṣẹ́ ń gba 52,000 fáránkì lóṣù, èyí tó jẹ́ owó-oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí láti oṣù Kìíní ọdún 2023, kí préavis rẹ̀ sì jẹ́ oṣù kan. Bó bá kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsọ fún ẹnikẹ́ni, gbèsè tó jẹ nítorí préavis ni owó oṣù kan náà, 52,000 fáránkì. Ọ̀gá tó bá kọ̀wé pé 600,000 fáránkì ni kó san nítorí “ìfàsẹ́yìn iṣẹ́” ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ìpalára mìíràn wà àti pé akọ̀wé náà ló fà á. Bínú tí ọ̀gá bínú kì í ṣe ẹ̀rí. Bó bá sì jẹ́ CDD ni, ìṣírò náà yí padà, a ó wo iye àkókò tó ṣẹ́ kù àti ohun tí agbanisíṣẹ́ pàdánù ní ti gidi, nítorí náà ó sàn kí ẹni tó wà nínú irú rẹ̀ tọrọ àdéhùn ìtúsílẹ̀ tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n yálà CDI ni tàbí CDD, kò sí adájọ́ tó lè pàṣẹ pé kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ tipátipá. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1930 lórí iṣẹ́ àfipáṣe, tí orílẹ̀-èdè wa ti fọwọ́ sí, kò fi àyè sílẹ̀ fún un, Code du travail tiwa náà sì kà á léèwọ̀.

Lẹ́yìn àdéhùn, ìwé ìhàlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló kàn. Ibi tó ti wá ló ń sọ bó ṣe wúwo tó. Ohùn orí fóònù àti lẹ́tà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin ju pé wọ́n jẹ́ ẹ̀rí ohun tó sọ. Lẹ́tà agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní mise en demeure wúwo díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe nítorí pé agbẹjọ́rò lè paṣẹ fún ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe nítorí pé ó fi hàn pé ẹnìkan ti náwó sí ọ̀rọ̀ náà. “Ọjọ́ mẹ́jọ” tó máa ń wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí agbẹjọ́rò dá fúnra rẹ̀, ilé-ẹjọ́ kọ́ ló dá a. Sommation, ìwé ìkìlọ̀ tí huissier, ìyẹn akódà ilé-ẹjọ́, ń mú wá, máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù nítorí òǹtẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó san owó fún un, kì í ṣe ìdájọ́. Gbígba ìwé lọ́wọ́ huissier kì í ṣe jíjẹ́wọ́. Ó yẹ kí a gbà á, kí a wo ọjọ́ tí ó mú un wá, kí a sì béèrè pé kí ó kọ èsì wa sínú ìwé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì náà kò ju pé “mi ò jẹ gbèsè yìí, mo sì ṣe tán láti lọ sọ tẹnu mi níwájú alábẹ̀wò iṣẹ́”. Ìwé tó ti ọ̀dọ̀ adájọ́ wá ló yàtọ̀ pátápátá, nítorí ọjọ́ inú rẹ̀ ni ọjọ́ tí òfin dá, ẹni tó bá sì fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní á gbọ́ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn òun.

Ìbí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró lé díẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹjọ́ láàárín òṣìṣẹ́ kan àti agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lórí àdéhùn iṣẹ́ kì í lọ tààrà sí ilé-ẹjọ́. Code du travail sọ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá inspecteur du travail, alábẹ̀wò iṣẹ́ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ó lè gbìyànjú láti là wọ́n. Alábẹ̀wò á pe tọ̀tún tòsì, á gbọ́ tẹnu wọn, á ṣí ìwé àdéhùn àti ìwé owó-oṣù wò. Bí wọ́n bá gbà, á kọ àdéhùn ìlàjà sílẹ̀, wọn á sì fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá gbà, á kọ ìwé pé ìlàjà kò ṣeé ṣe, ìgbà náà ni ọ̀nà ilé-ẹjọ́ tó ṣí. Ẹjọ́ àwọn ará Àjàṣẹ́ á lọ sí yàrá ẹjọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ Àjàṣẹ́, ti àwọn ará Kétu á sì lọ sí Pobẹ̀. Ọ̀gá tó ń pariwo pé òun á wọ́ ènìyàn lọ síwájú adájọ́ lọ́la, tí kò sì tíì dé ọ́físì alábẹ̀wò rí, ń fo àtẹ̀gùn kan tí òfin kò jẹ́ kí a fò.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò ni pé ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ náà lè ṣáájú lọ. Kò sí ohun tó sọ pé kí ó jókòó sílé máa dúró de ìwé. Ó lè kọ lẹ́tà sí alábẹ̀wò pé òun àti agbanisíṣẹ́ òun kò gbọ́ ara wọn yé lórí bí òun ṣe kúrò, kí ó kọ iye owó-oṣù àti owó ìsinmi tí wọn kò tíì san fún òun, kí ó sì so ẹ̀dà ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Kò gba agbẹjọ́rò, kò sì gba owó. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, yálà ti UNSTB, CSA-Bénin, CGTB tàbí ẹgbẹ́ mìíràn, lè bá a lọ. Ní ìlú bíi Kétu tàbí Ṣábẹ̀, níbi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ti ń pàdé ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi òkú, ìlàjà yìí wúlò ju ìdájọ́ lọ, nítorí a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fi í fẹ́ dé ọ́físì náà. Alábẹ̀wò tó bá ṣí ìwé kì í wo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Á béèrè bóyá wọ́n forúkọ òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ ní CNSS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, bóyá ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì dé ibi tó yẹ kó dé, àti bóyá agbanisíṣẹ́ fi ìdá 6.4 tirẹ̀ kún un. Agbanisíṣẹ́ tí kò forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ̀ pé ẹnu òun ni òun yóò fi pe ẹjọ́ lé ara òun lórí. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un kíákíá pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe sọ èyí di ohun ìdúnàádúrà, kí ó má ṣe sọ pé “bí o kò bá fi mí sílẹ̀, mo máa tú àṣírí rẹ”. Fífi àṣírí gba owó tàbí àǹfààní lọ́wọ́ ènìyàn lè di ẹ̀sùn ọ̀daràn fúnra rẹ̀. Kí ó gbé ẹ̀sùn náà lọ síbi tó yẹ, tàbí kí ó dákẹ́ nípa rẹ̀.

Nínú gbogbo ewu tó wà lọ́nà yìí, èyí tí mo kà sí tó burú jù kì í ti ilé-ẹjọ́ wá, ọwọ́ ara ẹni ló ti ń wá. Wọ́n á pe òṣìṣẹ́ sí ọ́físì ọ̀gá lálẹ́, wọ́n á gbé bébà sílẹ̀, wọ́n á ní kí ó kọ pé “èmi lágbájá jẹ iye báyìí, mo ṣèlérí láti san án kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí”, kí ọ̀rọ̀ lè tán, kí wọ́n lè dá ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ padà fún un. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọ́ nítorí àárẹ̀. Ohun tí ìwé náà ṣe ni pé ó mú ọ̀rọ̀ kúrò ní ti iṣẹ́, ó sì sọ ọ́ di gbèsè lásán, gbèsè tí a ti fi ọwọ́ ara wa jẹ́wọ́. Pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń béèrè owó náà lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alábẹ̀wò, kí ó lọ tọrọ injonction de payer lábẹ́ òfin OHADA, ìyẹn òfin òwò tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò, níbi tí adájọ́ ti lè fi ọwọ́ sí àṣẹ ìsanwó láìtíì gbọ́ tẹnu ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹni tí wọ́n bá mú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wá bá ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti kọ̀wé àtakò, inú ìwé náà ni wọ́n sì ti ń kọ iye ọjọ́ ọ̀hún. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, huissier lè padà wá fún ẹrù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé gbèsè lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀. Kí ó ní òun fẹ́ mú un lọ kà nílé. Ọ̀gá tí ìwé rẹ̀ tọ́ kò ní bínú sí ìyẹn.

Ìhàlẹ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan. Lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rí iṣẹ́ láìsí pé ẹnìkan mú un lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá kan, àbúrò bàbá kan, tàbí ìmáàmù tàbí pásítọ̀ tó sọ fún ọ̀gá pé “ọmọ mi ni, ọmọ gidi ni”. Bí ọmọ náà bá kúrò, àgbàlagbà yìí ni ọ̀gá á kọ́kọ́ pè, á sọ fún un pé òun ló ṣe onígbọ̀wọ́, kí ó wá san án. Ìtìjú ni wọ́n ń tà fún un, àwọn mìíràn sì ń sanwó. Òfin OHADA, tí orílẹ̀-èdè wa wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà àdéhùn Port-Louis ọdún 1993, sọ ọ́ kedere pé a kì í ro ìgbọ̀wọ́ lé ènìyàn lórí. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí onígbọ̀wọ́ àti ẹni tó ni owó jọ fọwọ́ sí, kí onígbọ̀wọ́ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó ga jù tó gbà láti dúró fún, ní lẹ́tà àti ní nọ́ńbà. Bí onígbọ̀wọ́ kò bá mọ̀wé, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Àbúrò bàbá tó fi ẹnu sọ̀rọ̀ ọmọ rere ní ìta gbangba kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lábẹ́ òfin. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kí ó ṣàlàyé ìdí tó fi ń lọ, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá ni bàbá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ti kọmisáríà le ju èyí lọ. Àìsí préavis àti owó tí a kò rí san nítorí àdéhùn kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú, tí orílẹ̀-èdè wa wọ̀ ní ọdún 1992, sọ ní abala 11 pé kò sí ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi sẹ́wọ̀n kìkì nítorí pé kò lè ṣe ohun tó ṣèlérí nínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ọ̀gá ń béèrè bá jẹ́ alùpùpù iṣẹ́, kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí owó tí òṣìṣẹ́ gbà lọ́wọ́ oníbàárà lórúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ̀sùn abus de confiance, ìyẹn jíjẹ ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni, wà níbẹ̀, ọ̀daràn sì ni òfin kà á sí. Ní ìhà yìí, mi ò bá òṣìṣẹ́ kẹ́dùn. Ẹni tó ń mú kọ̀ǹpútà dání títí wọ́n á fi san owó-oṣù rẹ̀ rò pé òun ní ohun ìdógò lọ́wọ́, kò mọ̀ pé ẹ̀rí tí ọ̀gá ń wá ni òun gbé dání. Kí ó dá a padà lọ́jọ́ tó ń lọ, kí ó kọ orúkọ àti ipò ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Bí ìwé ìpè bá ti kọmisáríà dé, kí ó lọ, kí ó mú ìwé yẹn dání, kí ó sì rántí pé abala 18 òfin ìpìlẹ̀ ti oṣù Kejìlá ọdún 1990 kò gbà kí wọ́n fi ènìyàn sí àtìmọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìsí àṣẹ adájọ́.

Àwọn àdéhùn kan tún ní abala tó sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbòmíràn. Irú abala bẹ́ẹ̀ kì í lè jẹ́ fún gbogbo iṣẹ́, ní gbogbo ilẹ̀, títí láé. Bó bá gbòòrò débi pé olùkọ́ ìṣirò kò lè kọ́ ìṣirò mọ́ ní Àjàṣẹ́, ó yẹ kí a takò ó níwájú alábẹ̀wò. Kíkó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà lọ fún ọ̀gá tuntun jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, òun náà sì lè dá ènìyàn lẹ́bi.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ń lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹjọ́ rere jẹ́ ni orí Facebook àti nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp. Code du numérique, Òfin 2017-20 ti oṣù Kẹrin ọdún 2018, ń fìyà jẹ ẹni tó bá lo íntánẹ́ẹ̀tì láti yọ ènìyàn lẹ́nu tàbí láti bà á lórúkọ jẹ́, ọ̀gá tí kò ní ẹ̀rí kankan lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ á sì rí ẹ̀rí gidi gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó tọ́ ni kí a pa ohùn àti ọ̀rọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ mọ́ bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, kí a sì máa fèsì ní gbólóhùn kan tàbí méjì láìbínú.

Ìwé kan wà tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń lọ, bó ti wù kí inú bí i tó, ìyẹn certificat de travail. Ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde àti iṣẹ́ tó ṣe nìkan ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọ “ó sá lọ” sí i, kò sì gbọ́dọ̀ fi í dógò. Ẹni tí wọ́n bá fi du ìwé yìí, tí iṣẹ́ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀, lè béèrè owó gbà-má-bínú níwájú alábẹ̀wò kan náà.

Ìkẹyìn kan àwọn ará Kétu àti Ilárá tó ń sùn níhìn-ín, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ìhà kejì bodè, àti àwọn tí ẹbí wọn ní Èkó ń fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí. Ìmọ̀ràn náà lè tọ́ lọ́hùn-ún kí ó má bá ti wa mu. Ní Nàìjíríà, àtúnṣe kẹta sí òfin ìpìlẹ̀, ti ọdún 2010, fi ẹjọ́ iṣẹ́ sọ́wọ́ National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Èkó àti Ìbàdàn, Labour Act ibẹ̀ sì ń ka préavis ní ọ̀nà tirẹ̀, láti ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ dé oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà àti ohun tí ìwé àdéhùn sọ nípa òfin tó dè é ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà ní Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí ṣọ́ọ̀bù tó ń bójú tó wà nínú ìlú Kétu lè rí i pé alábẹ̀wò ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ òun kàn.